Onílé Ni Kò Ní Gbà fún Àgbàrá

Àwọn baba wa pa á lówe pé, àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Nínú òwe yìí ni gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ lónìí wà. Òjò kì í ṣe ọ̀tá ènìyàn. Ọ̀nà tí Ẹlẹ́dàá là fún omi láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni omi ń tọ̀. Ẹni tí ó bá sì lọ tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ojú ọ̀nà náà ni omi yóò bá níbẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni pé: ta ni onílé tí kò gbọdọ̀ gbà fún àgbàrá? Ṣé mẹ̀kúnnù tí ó fi owó ìfẹ̀yìntì ra ilẹ̀ kékeré kan ni, tàbí ìjọba tí òfin fi gbogbo ilẹ̀ lé lọ́wọ́?

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé omi ti kọ́ ìlú náà lọ́gbọ́n gidigidi. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún kọjá bèbè rẹ̀. Ó gbé ilé, ó gbé ọkọ̀, ó gbé ọjà àwọn oníṣòwò, ó sì gbé ènìyàn lọ. Àwọn tí ó kú lé ní 100 dáadáa. Èyí kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́, nítorí pé odò kan náà ti ya wọ inú ìlú ní ọdún 1960, ní 1963, àti ní 1978. Ọdún 31 kọjá lẹ́yìn ti 1980. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò tí ó tó mìlímítà 187 rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Omi kọjá orí ibi tí a ti sé odò Ọ̀nà ní Eléyẹlé, àwọn afárá já, àwọn tí ó kú sì tún lé ní 100. Oṣù kan náà ni, ìlú kan náà ni, ẹkún kan náà sì ni.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá wa ṣe ìṣirò yìí lára pátákó níwájú àwọn ọmọ. Ẹ mú ilẹ̀ kan tí ó jẹ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú, 100 ẹsẹ̀ bàtà ní gígùn, èyí tí a ń pè ní plọ́ọ̀tì kan. Bí òjò mìlímítà 187 bá rọ̀ sórí rẹ̀, omi tí ó bọ́ sórí plọ́ọ̀tì kan ṣoṣo náà yóò lé ní 4,300 garawa olómi 20 lítà. Nígbà tí ibẹ̀ jẹ́ oko, ilẹ̀ a máa mu nínú omi náà, gbòǹgbò igi a sì máa fà díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ti fi páànù bo orí rẹ̀, tí a sì fi kọnkéré bo gbogbo àgbàlá, níbo ni ìwọ̀n omi bẹ́ẹ̀ yóò gbà? Òkè ni a tẹ Ìbàdàn dó sí. Omi tí ó bọ́ sí apá kan òkè Màpó ń ṣàn lọ sí Ògùnpa, èyí tí ó bọ́ sí apá kejì ń lọ sí Kúdẹtì. Bí ó bá dé ìsàlẹ̀, tí ó bá pàǹtí nínú gọ́tà, tí ó bá ògiri lójú odò, kí ni ẹ rò pé yóò ṣe? Yóò wá ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà náà a sì jẹ́ inú yàrá ẹnìkan.

Àwọn àgbà ayé àtijọ́ kò kàwé nípa ètò ìlú, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọgbọ́n rẹ̀. Wọ́n fún ilẹ̀ ẹ̀bá odò ní orúkọ tirẹ̀. Àkùrọ̀ ni wọ́n pè é. Ẹ̀fọ́ àti àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gbìn sí i. Bí omi bá dé ní ìgbà òjò, omi a gba ohun tirẹ̀, àgbẹ̀ a sì dúró de ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Ẹbí ni ó ni ilẹ̀, olórí ẹbí sì kàn ń bójú tó o ni, nítorí pé ilẹ̀ jẹ́ ti àwọn tí ó ti kú, ti àwọn tí ó wà láàyè, àti ti àwọn tí a kò tíì bí. Kò sí baálé tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò na ọwọ́ sí àkùrọ̀ kí ó sọ fún àlejò pé, "Níhìn-ín ni kí o kọ́ ilé rẹ sí."

Nígbà tí ìlú ń fẹ̀, òfin gba ipò ọgbọ́n yìí. Ní ọdún 1946 ni ìjọba gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ètò ìlú àti ìgbèríko. Ní ọdún 1958, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ilé-iṣẹ́ tí yóò máa kọ́ ilé fún ará ìlú sílẹ̀, Bódìjà sì jẹ́ ọ̀kan nínú èso rẹ̀: a kọ́kọ́ wọn ilẹ̀, a la ọ̀nà, a pín plọ́ọ̀tì, kí a tó gbé ilé dúró. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ètò jẹ́, kí ó lọ wo ibi tí a ti ya àwòrán kí a tó gbé búlọ́ọ̀kù.

Lẹ́yìn náà ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ dé, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978, lábẹ́ ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọlúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Òfin náà sọ pé gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ gómìnà, kí ó máa bójú tó o fún ànfààní gbogbo ará ìlú. Ilẹ̀ ìgboro wà lábẹ́ gómìnà fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ tí kì í ṣe ìgboro wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Gómìnà lè gba ilẹ̀ padà bí ire gbogbo ènìyàn bá béèrè rẹ̀, kí ó sì san owó ilé tàbí ohun ọ̀gbìn tí ó wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í san owó ilẹ̀ gan-an, yàtọ̀ sí owó-orí ilẹ̀ tí a bá ti san fún ọdún náà. Òfin náà tún sọ pé ilé ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó tí a san tó tàbí kò tó. A sì ti so òfin yìí mọ́ ìwé òfin ilẹ̀ wa, débi pé kò ṣeé yí padà bí a ti ń yí òfin mìíràn padà.

Ìdí tí a fi tò gbogbo èyí sílẹ̀ ni pé, ẹni tí a bá fi ilẹ̀ ṣọ́ ni a ń bi léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀. Àwa kò lè gbà kí ìjọba jẹ́ onílẹ̀ ní ọjọ́ tí a ń gba owó ìwé àṣẹ, kí ó sì di àlejò ní ọjọ́ tí omi bá gbé ọmọ lọ. Òfin ètò ìlú ti ọdún 1992 pàṣẹ pé kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àwọn aláṣẹ ètò ìlú tirẹ̀. Ní ọdún 2003, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú wà. Ìwé òfin ọdún 1999 sì kọ ọ́ ní kedere pé gọ́tà àti pàǹtí kíkó jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun kò mọ ibi tí iṣẹ́ òun wà.

Ẹ wá wo bí ọ̀ràn náà ṣe ń rí ní tòótọ́. Ilẹ̀ orí òkè wọ́n. Ti ẹ̀bá odò ni ó pọ́ọ́kú. Ọmọ onílẹ̀ tà á, ó kọ rìsíìtì, ó kówó rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó rà á kò lágbára láti gba ìwé lọ́wọ́ gómìnà. Owó rẹ̀ pọ̀, ọjọ́ rẹ̀ sì jìn. Ó fi ọdún mẹ́ta kọ́ ilé náà lójú gbogbo ayé, kò sí ẹni tí ó dá a dúró. Iná mànàmáná dé ibẹ̀. Olóṣèlú wá bẹ ìbò ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọjọ́ tí omi yalé tán ni a tó rí àmì pupa lára ògiri, tí katapílà sì tẹ̀lé e. Nígbà tí ó béèrè owó, a ní ilé rẹ̀ kò ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Àwa kò wí pé ó jàre pátápátá; igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ nìkan kọ́ ni ó yẹ kí ó ti rí igi náà lókèèrè.

Àwọn kan yóò wí pé, bí a bá ti ṣàánú ẹni tí ó kọ́lé sójú odò, gbogbo ènìyàn ni yóò lọ kọ́ tiwọn síbẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn mìíràn yóò wí pé kí a má ṣe fọwọ́ kan ilé tálákà rárá. Èyí gan-an ni ó léwu jù, nítorí pé eji kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji rí ni eji ń pa. Ìdájọ́ tiwa ni pé ojú odò gbọdọ̀ ṣí, ṣùgbọ́n ẹni tí ìjọba ti ń wò láti ọjọ́ ìpìlẹ̀ títí di ọjọ́ òrùlé gbọdọ̀ rí ibòmíràn gbé kí katapílà tó dé.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè kò ṣòro. Èkíní, kí a ya àwòrán ojú odò àti ibi tí omi ń dé, kí a kọ ọ́ ní èdè Yorùbá, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri káńsù, ọjà, ààfin, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹni tí ń ra ilẹ̀ lè fojú ara rẹ̀ rí i kí ó tó sanwó. Ní ọdún 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là láti bá Ìbàdàn kojú omíyalé, ètò ìlú sì wà lára iṣẹ́ náà. Ètò tí ó wà nínú àpótí kì í dá omi dúró. Èkejì, kí ìjọba lo agbára tí òfin fún un láti gba ẹ̀bá odò padà, kí ó sì sọ ọ́ di àkùrọ̀ àti pápá ìṣeré, nítorí pé ilẹ̀ tí a bá fi sílẹ̀ lófìfo, ẹlòmíràn yóò kọ́lé sí i. Ẹ̀kẹta, kí a fún ẹni tí yóò kúrò ní plọ́ọ̀tì àti ìwé rẹ̀ ní orí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ̀kẹrin, kí àwọn wolé-wolé padà sí ẹnu iṣẹ́, kí gọ́tà sì mọ́ kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ni ó pín Ìbàdàn, ṣùgbọ́n odò kò mọ ààlà káńsù. Bí ọ̀kan bá kó pàǹtí tí èkejì ń dà á, asán ni. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ìdájọ́ náà gba àwáwí lẹ́nu àwọn alága.

Ohun kan ṣì kù tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Odò tí ń pani náà ni a ń mu. Láti ọdún 1942 ni a ti sé odò Ọ̀nà ní Eléyẹlé kí ìlú lè rí omi ẹ̀rọ. Bí a bá gé igbó tí ó yí i ká, tí a kọ́lé dé etí rẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ yóò kún inú rẹ̀: ní ẹ̀ẹ̀rùn kò ní gba omi tí ó tó wa mu, ní ìgbà òjò kò sì ní gba èyí tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá ba Eléyẹlé jẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó pa wá.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí odò tí ó sún mọ́ ilé-ìwé yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ìbú rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ibi tí omi dé ní 1980 àti ní 2011. Ọmọ tí ó bá mọ ibi tí omi dé kò ní ra ilẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí ó bá dàgbà.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ti ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ jẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìlù àti ankara gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu yín. Bí olùdíje bá wá sí wọ́ọ̀dù yín, ẹ bi í léèrè: gọ́tà wo ni ìwọ yóò gbẹ́, ní oṣù wo, pẹ̀lú owó wo? Ẹni tí ó bá sì dúró létí odò tí ó ṣèlérí pé a kò ní fọwọ́ kan ilé kankan níbẹ̀ láé, kí ó tó sọ ibi tí ẹ ó sá sí, ẹ mọ̀ dájú pé ẹ̀mí àwọn ọmọ yín ni ó fi ń ra ìbò yín.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Omi ti kìlọ̀ fún wa ní 1960, ní 1963, ní 1978, ní 1980 àti ní 2011. Kò ku ìkìlọ̀ kankan mọ́ tí omi jẹ wá.