Ẹ̀rọ ìránṣọ ní Niamey: ti ẹlẹ́sẹ̀ àti ti oníkọ̀ǹpútà

Oríṣi mẹ́ta ni ẹ̀rọ ìránṣọ tí ó wà lọ́wọ́ àwọn aránṣọ ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r. Èkíní ni ẹ̀rọ onírin àtijọ́ tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ń yí. Èkejì ni irú ẹ̀rọ kan náà tí a so mọ́tò iná mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà, nínú èyí tí pátákó iná kékeré kan ń darí abẹ́rẹ́ àti ìrìn aṣọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ka èkejì mọ́ ẹ̀kẹta nítorí pé méjèèjì ń lo iná, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí iná bá lọ, a lè tú bẹ́líìtì mọ́tò kúrò lára ẹ̀rọ kejì kí a sì fi ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ yí i. Ẹ̀rọ kẹta yóò dákẹ́ ni. Àwọn Hausa ń pe ẹ̀rọ ìránṣọ ní keken ɗinki, orúkọ tí kò ṣòro fún Yorùbá láti gbọ́, nítorí kẹ̀kẹ́ ni keke náà.

Ìlànà iṣẹ́ wọn jọra. Ihò abẹ́rẹ́ wà nítòsí ẹnu rẹ̀, kì í ṣe ní ìdí bí ti abẹ́rẹ́ ọwọ́. Bí abẹ́rẹ́ bá ti gún aṣọ tán tí ó ń padà sókè, òwú a ká lábẹ́ bí ojóbó. Ìkọ́ kan a gbá ojóbó náà mú, a sì gbé e yí òwú inú bọ́bìn ká. Elias Howe gba ìwé ẹ̀tọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1846, Isaac Singer sì gba tirẹ̀ ní 1851. Ṣáájú wọn ni Barthélemy Thimonnier ti gba ẹ̀tọ́ ẹ̀rọ olówùú-kan ní Faransé ní 1830; ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwọn aránṣọ Paris ya wọ ilé iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fọ́ àwọn ẹ̀rọ náà, nítorí wọ́n rò pé oúnjẹ òòjọ́ wọn ni ó fẹ́ gbà. Ti oníkọ̀ǹpútà pẹ́ kí ó tó dé: Athena 2000 tí Singer gbé jáde ní 1975 ni ó la ọ̀nà fún un.

Nínú ẹ̀rọ àtijọ́, àgbá kan ṣoṣo ni ó ń fi ọ̀pá àti eyín irin gbé gbogbo iṣẹ́ rìn. Ohun tí ó bàjẹ́ ṣeé fojú rí, a sì lè fi ìlà ọwọ́ àti òòlù tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò mọ̀ ju ìrán gbọọrọ lọ. Ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà ní mọ́tò kéékèèké tí ń darí ìrìn abẹ́rẹ́ lọ́tọ̀ àti ti aṣọ lọ́tọ̀. Nítorí náà ó lè rán kọ́lọkọ̀lọ, ó lè ṣe ojú bọ́tìnì mẹ́wàá kí gbogbo wọn dọ́gba, ó sì lè gún aṣọ tí ó nípọn láìyára.

Ọ̀rọ̀ iná ni ó wúwo jù nínú yíyàn ní Niamey. Láti 1976 ni ìlú náà ti ń gba iná Nàìjíríà láti Birnin Kebbi, kí ó sì tó di 2023, nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 iná tí NIGELEC ń pín ní Nìjẹ̀r ni ó ti ibẹ̀ wá. Àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023. Láìpẹ́, Nàìjíríà dá iná náà dúró nítorí ìyà tí ECOWAS fi jẹ Nìjẹ̀r, iná sì di ohun tí a ń fi wákàtí pín fún àdúgbò. Aránṣọ tí ó gba owó aṣọ ọdún Iléyá, tí wọ́n ń pè ní Tabaski níbẹ̀, kò lè sọ fún oníbàárà pé iná ni kò sí. Iná tí ó padà dé lójijì pẹ̀lú agbára tí ó ga jù burú ju àìsí iná lọ, nítorí ó lè jó pátákó inú ẹ̀rọ, pátákó tuntun sì lè gba owó tí ó tó ra odindi ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ àlòkù. Eruku ọyẹ́ náà wà ńbẹ̀, pẹ̀lú ooru oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún tí ó máa ń kọjá ìwọ̀n 40. A lè fi kẹrosín-ìn fọ ẹ̀rọ onírin kí a sì tún fi epo sí i.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a fojú kéré ẹ̀rọ tuntun. Iṣẹ́ ọnà ọrùn àti àyà agbádá ni ó ń mú owó wọlé jù, ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà ọlọ́pọ̀-orí sì lè ṣe ọnà kan náà sára aṣọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé iṣẹ́ ńlá tí ó ní jẹnẹrétọ̀ tàbí iná oòrùn yóò jèrè rẹ̀. Aránṣọ alárìnká, tí ń gbé ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ lé èjìká tí ó sì ń fi àlùmọ́gàjí pàtẹ́ kiri ìgboro, kò nílò rẹ̀ rárá. Fún ọmọ iṣẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, ẹ̀rọ kejì ni ó bọ́gbọ́n mu jù.

Ẹni tí ó fẹ́ ra àlòkù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí àgbá rẹ̀: kí ó máa lọ geere, kí ọ̀pá abẹ́rẹ́ má sì mì sọ́tùn-ún sósì. Kí ó ka ohun tí a kọ sára mọ́tò pẹ̀lú. Mọ́tò tí a ṣe fún iná 110 ti Amẹ́ríkà yóò jóná bí a bá kì í bọ inú iná 220 ti Nìjẹ̀r.