Ìwé ìpè ẹlẹ́rìí

Ìwé ìpè ẹlẹ́rìí jẹ́ ìwé tí ilé-ẹjọ́ fi ń pàṣẹ fún ènìyàn láti wá jẹ́rìí nínú ẹjọ́, tàbí láti mú ìwé tàbí ohun mìíràn tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ wá síwájú adájọ́. Orúkọ tí àwọn amòfin ń pè é, subpoena, wá láti inú èdè Látìnì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "lábẹ́ ìjìyà". Àṣẹ ni, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí a pè kì í ṣe ẹni tí a fẹ̀sùn kàn.

Oríṣi

Oríṣi méjì ni ó wà. Èkíní, ad testificandum, ń pe ènìyàn láti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó mọ̀. Èkejì, duces tecum, ń pè é láti mú ìwé wá. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà ti ọdún 2011, ẹni tí ó kàn mú ìwé wá kò tíì di ẹlẹ́rìí. Agbẹjọ́rò kò sì lè da ìbéèrè bò ó àfi bí a bá pè é láti jẹ́rìí.

Ní Nàìjíríà

Abala 36 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún ẹni tí a fẹ̀sùn ọ̀ràn kàn ní ẹ̀tọ́ láti pe àwọn ẹlẹ́rìí tirẹ̀ lọ́nà kan náà tí olùpẹ̀jọ́ ń gbà pe tirẹ̀. Ìdí nìyí tí ìwé ìpè fi ṣe pàtàkì: láìsí i, ẹni tí ó mọ òtítọ́ lè jókòó sílé kí aláìṣẹ̀ sì lọ sẹ́wọ̀n. Ní àwọn ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, òfin ọdún 2015 lórí ìṣàkóso ẹjọ́ ọ̀ràn dídá fàyè gba adájọ́ láti ní kí a lọ mú ẹlẹ́rìí tí ó kọ̀ láti wá láìní ìdí tí ó tọ́.

Àwọn aláṣẹ

Abala 308 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ náà kò gbà kí a fi ìwé ilé-ẹjọ́ fi ipá pe Ààrẹ, gómìnà tàbí àwọn igbákejì wọn nígbà tí wọ́n bá wà lórí oyè. Ààbò náà dópin bí wọ́n bá ti kúrò nípò.

Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 24 oṣù keje ọdún 1974, àwọn adájọ́ mẹ́jọ ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fohùn ṣọ̀kan pé Ààrẹ Richard Nixon gbọ́dọ̀ jẹ́ ìpè, kí ó sì kó àwọn téèpù tí a gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí sílẹ̀ nítorí ẹjọ́ Watergate. Ó fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún náà.