Kí ẹ tó gba yàrá ní Kánò, ẹ ro owó ọkọ̀ mọ́ ọn

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ ń ti Jos, Kàdúná àti Minna wá rajà ní Kánò, ọ̀rọ̀ ibi tí a ó sùn la mú wá. Nílé, Sábó ni àdúgbò àwọn Hausa. Ní Kánò, Sabon Gari ni àdúgbò àwa àlejò, ibẹ̀ náà la ti ń rí àwọn ilé ìtura kéékèèké.

Nígbà kan, a lọ gba yàrá owó pọ́ọ́kú lẹ́yìn ìlú. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá, tí wọ́n ń pè ní Adaidaita Sahu níbẹ̀, ló kó èrè wa lọ: àárọ̀ owó, alẹ́ owó.

Yàrá Sabon Gari lè má gbà ju bẹ́ẹ̀dì àti báàgì lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ la fi ń rìn dé ọjà Sabon Gari. Kantin Kwari, ọjà aṣọ, kò jìnnà. Tí a bá tètè rajà tán, a máa ń ráyè dé Kofar Mata wo àwọn tó ń rẹ aṣọ láró. Wọ́n ní láti 1498 ni.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ẹ̀rọ omi wò, ẹ ti ilẹ̀kùn wò, ẹ bèèrè aago tí wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀. Yàrá ẹ̀yìn ni kí ẹ gbà, nítorí ariwo títì. Owó alẹ́ kan ni kí ẹ kọ́kọ́ san. Kí ẹrù yín wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó tà á fún yín títí ọkọ̀ yóò fi gbéra.

Paríparí ẹ̀, kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ mọ orúkọ ilé ìtura àti nọ́ńbà yàrá yín. Ẹ má fojú kéré ìyẹn o.