Ta Ló Mọ Bóòtù Tó Gbé Bọ́ḿpà Àtijọ́ Dúró?

Bọ́ḿpà fúnra rẹ̀ kì í ṣòro láti rí. Ẹni tó ń tún Volkswagen Ìjàpá àtijọ́ ṣe yóò rí i níbi tí wọ́n gbé e kọ́ sára ìsọ̀, ní Ládípọ̀ ní Mushin tàbí ní Gate n'Ìbàdàn, tó ń dán yinrin. Yóò ná an, yóò sanwó, yóò gbé e relé. Ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ fẹ́ńdà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ibi tí iṣẹ́ wà kọ́ nìyẹn. Apá irin méjèèjì tó yẹ kó gbé bọ́ḿpà dúró kò sí níbẹ̀ mọ́, tàbí kí èyí tó kù ti tẹ̀. Bóòtù tó so wọ́n mọ́ ara ọkọ̀ ti dípẹtà, orí rẹ̀ ti jẹ, sípánà ò rí ohun dì mú.

Nígbà náà ni wọ́n ń wá bàbá lọ. Gbogbo ọjà ẹ̀yà mọ́tò tó ti pẹ́ ló ní irú wọn: ẹni tí kì í ta ẹ́ńjìnnì, tí kì í ta táyà, tó jókòó ti agolo bóòtù, wáṣà àti ègé irin tí ẹlòmíràn ti kọ̀ sílẹ̀. Mẹkáníìkì ń rán ọmọṣẹ́ sí wọn, ajórin ń bi wọ́n léèrè, olówó mọ́tò ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Kò sí ìwé ẹ̀rí tó fi wọ́n sípò náà. Ojú tí wọ́n fi mọ irin ló fi wọ́n síbẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún ojú náà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà lẹ́nu wọn tí n kì í gbà láìyẹ̀ ẹ́ wò: "Ó máa wọ̀."

Kí irin wọ̀ ibì kan, kí ó sì jẹ́ ti ibẹ̀, ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ìjàpá tí Volkswagen ṣe títí di àárín ọdún 1967 ní bọ́ḿpà pẹlẹbẹ tó rí róbótó lára. Láti oṣù kẹjọ ọdún yẹn, fún mọ́tò ti 1968, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó nípọn, tó gún gbọọrọ, wọ́n sì gbé e sókè sí i. Apá irin tó gbé e yí padà, fẹ́ńdà yí padà, ìdérí iwájú náà yí padà. Nígbà tó di 1974, wọ́n tún gbé iná tiráfíkétọ̀ kúrò lórí fẹ́ńdà sínú bọ́ḿpà iwájú fún ọjà Yúróòpù, bẹ́ẹ̀ ti Amẹ́ríkà ṣì wà lórí fẹ́ńdà. Ojú ọjà ń pe gbogbo wọn ní "bọ́ḿpà Ìjàpá". Ẹni tó bá ra apá irin láìsọ ọdún mọ́tò rẹ̀ ti fi owó rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Ti Amẹ́ríkà gan-an tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn pa á láṣẹ pé bọ́ḿpà iwájú mọ́tò ti ọdún 1973 gbọ́dọ̀ lè gba ìkọlù ní ìwọ̀n máìlì 5 ní wákàtí kan láìba iná àti ohun èlò ààbò ọkọ̀ jẹ́. Nígbà tí òfin náà sì ń le sí i, àwọn ilé iṣẹ́ fi ohun tó dà bí ṣọ́ọ̀kì sẹ́yìn bọ́ḿpà, wọ́n sì tì í jáde síwájú. Ìdí nìyẹn tí Benz W123 tó gba Amẹ́ríkà wá fi ní bọ́ḿpà tó yọ gùn ju ti èyí tó ti Jámánì wá tààrà. Méjèèjì ló bọ́ sílẹ̀ ní èbúté wa nígbà náà gẹ́gẹ́ bí tòkunbọ̀. Wọ́n tú wọn palẹ̀ nínú àgbàlá kan náà, wọ́n da ẹ̀yà wọn pọ̀ sínú àpò kan náà. Ta ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún?

Àwọn kan á ní kí a máa wá ojúlówó. Ojúlówó ti ibo? Ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Òjó l'Ékòó àti ti Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ ní 1975, ẹ̀yà tó wà nínú àpótí láti òkè òkun ni wọ́n sì ń tò. Volkswagen Igala tí àwọn òbí wa wọ̀, Brasília àwọn ará Brazil ni, tí wọ́n ń ṣe ní São Bernardo do Campo. Ẹni tó ń wá apá bọ́ḿpà Igala, tó ń bi àwọn tó ń kó ẹrù láti Jámánì, ọ̀nà tó ń tọ̀ kò débẹ̀. Lẹ́bàá São Paulo ni ojúlówó rẹ̀ wà. N ò tíì rí olùtajà tó sọ ìyẹn fún oníbàárà kó tó gba owó.

Ọ̀rọ̀ "orí-jíná" ní ọjà ò ràn wá lọ́wọ́. Bẹ́líjíọ̀mù ni èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ àlòkù, Táíwàn ni èyí tí wọ́n ṣe láti fara wé ojúlówó, orí-jíná sì ni èyí tí olùtajà bá fẹ́ kí o san owó gọbọi lé lórí. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Bẹ́líjíọ̀mù ni mo fọkàn tán jù fún apá bọ́ḿpà, nítorí pé ihò rẹ̀ ti jókòó sára ọkọ̀ rí. Bí ó bá tilẹ̀ tẹ̀, ó ṣe é nà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá wúwo jù lójú mi ni tírẹ́ẹ̀dì. Bóòtù Jámánì àti ti Faransé, ìwọ̀n mìlímítà ni; M8 nípọn ní mìlímítà 8, sípánà nọ́ńbà 13 ni wọ́n sábà máa ń fi dè é. Bóòtù Amẹ́ríkà tó sún mọ́ ọn jù ni ti ínǹṣì 5/16, tó nípọn ní mìlímítà 7.94. Ojú ò lè rí ìyàtọ̀ yẹn. Orí rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìdajì ínǹṣì, ìyẹn mìlímítà 12.7, nítorí náà nọ́ńbà 13 yóò dì í mú, yóò kàn jò díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà tírẹ́ẹ̀dì M8 jìnnà síra ní mìlímítà 1.25, nígbà tí 5/16 Amẹ́ríkà ní ìlà 18 tàbí 24 nínú ínǹṣì kan. Bí o bá fi nọ́ọ̀tù ọ̀kan sórí bóòtù èkejì, yóò yí lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì le. Ibẹ̀ ni ọmọṣẹ́ tó lágbára ti máa ń sọ pé ìpẹtà ló mú un, tí yóò fa sípánà. Ó wọ̀ lóòótọ́. Tírẹ́ẹ̀dì méjèèjì ti bàjẹ́, bọ́ḿpà sì rọ̀ sórí irin tí kò dì í mú.

Mọ́tò Gẹ̀ẹ́sì tún ní tirẹ̀. Èyí tó ṣáájú àwọn ọdún 1950 ń lo tírẹ́ẹ̀dì Whitworth àti BSF, tí igun wọn jẹ́ ìwọ̀n dígírì 55, nígbà tí ti Amẹ́ríkà àti ti mìlímítà jẹ́ 60. Lẹ́yìn tí Britain, Amẹ́ríkà àti Canada fẹnu kò lórí tírẹ́ẹ̀dì kan náà ní ìparí àwọn ọdún 1940, àwọn ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì yí padà díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé a lè bá oríṣi méjì lára mọ́tò kan.

Láàárín àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò àtijọ́, àríyànjiyàn tó ń gbóná jù ni pé ṣé bóòtù gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ìgbà náà gan-an. Àwọn kan fẹ́ kí àmì orí bóòtù pàápàá bá ti ilé iṣẹ́ mu. Irú wọn ló ń lọ sí Beaulieu ní England, níbi tí ọjà ẹ̀yà mọ́tò àtijọ́ ti ń wáyé láti 1967, tí wọ́n ń fi ọwọ́ tú inú àpótí kiri. FIVA, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọkọ̀ àtijọ́, gba ìwé àdéhùn Turin wọlé ní 2012, ìwé náà sì fi ìtọ́jú ohun tó ti wà síwájú pípààrọ̀ rẹ̀. Mo fara mọ́ ọn dé ibì kan. Bóòtù tó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tó ṣì dáa, kí a fọ̀ ọ́, kí a dá a padà.

Àwọn tó ń gbé lẹ́bàá ọ̀sà l'Ékòó ní èsì tí kò ṣeé fojú rénà: atẹ́gùn iyọ̀ ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìtàn, nítorí náà kí a fi irin aláìpẹtà sí i. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n irin aláìpẹtà náà ní ohun tirẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ A2-70 sí lórí ò lágbára tó bóòtù irin tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí: 700 ni agbára tí a fi lè fà á já ní ìwọ̀n mẹgapasíkà, 800 ni ti 8.8. Bóòtù rẹ̀ àti nọ́ọ̀tù rẹ̀ sì máa ń lẹ̀ mọ́ra bí a bá dè wọ́n gbẹ láìfi gíríìsì sí i, débi pé ayùn ni yóò yà wọ́n. Fún orí bóòtù róbótó tó hàn sí ojú bọ́ḿpà, mo gbà á tayọ̀tayọ̀. Fún èyí tó so apá mọ́ ara ọkọ̀, 8.8 tí wọ́n fi síǹkì pa ni mo fẹ́, kí n sì máa yọ ọ́ wò lọ́dọọdún.

Ohun tí n kò lè gbà ni kí wọ́n gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ajórin kí ó fẹ ihò ara ọkọ̀ kí apá àjèjì lè wọlé. Iṣẹ́ ajórin ò burú; ajórin tó mọṣẹ́ lè fi irin tó nípọn tẹ apá tuntun, kí ó lu ihò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́, kí apá náà sì gbé bọ́ḿpà fún ogún ọdún. Apá yẹn ṣe é yọ lọ́la bí ojúlówó bá dé. Ihò tí wọ́n fẹ̀ ò ṣe é dá padà. Èyí tó sì ń dùn mí jù ni pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni fífẹ̀ rẹ̀ máa ń gbà, nítorí pé ẹnì kan ò ní sùúrù láti fi ọwọ́ lásán yí bóòtù wò kó tó gbé sípánà.

Bàbá inú ìsọ̀ mọ gbogbo èyí. Bí o bá gbé bóòtù tó já lọ bá wọn, tí o sọ ọdún mọ́tò àti ibi tó ti wá, wọn kì í sọ pé ó máa wọ̀. Wọ́n á da agolo sílẹ̀ sórí àpò, wọ́n á mú ọ̀kan, wọ́n á fi tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kan ti ọwọ́ rẹ, wọ́n á gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ láti wo bóyá ìlà méjèèjì bọ́ sínú ara wọn. Ní ti àwọn tó kàn sọ pé "bọ́ḿpà Ìjàpá", èyí tó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n ń tà fún wọn.

Kò sí àkọlé lára agolo wọ̀nyẹn. Ohun tó wà nínú wọn, orí bàbá nìkan ló wà. Àwọn ọmọ wọn ń ta ẹ̀yà Corolla àti Camry, tí owó ń yára wọlé lórí rẹ̀, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Lọ́jọ́ tí bàbá ò bá wá sọ́jà mọ́, àwọn tó ń ra irin àlòkù ló ń kó agolo náà, orí òṣùwọ̀n ni wọ́n sì ń gbé e lé.