Etí Gígùn, Irun Gígùn: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ajá Cocker Spaniel

Ajá ọdẹ ni Cocker Spaniel láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń rán an wọ inú igbó ẹlẹ́gùn-ún kí ó lè lé ẹyẹ jáde, irun gígùn tó bo àyà, ikùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀gún àti òtútù. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ igbó kankan ju ọgbà ìgbafẹ́ àdúgbò lọ. Inú ilé ni wọ́n ń sùn, àwọn ọmọdé ni wọ́n ń bá ṣeré. Iṣẹ́ ọdẹ ti kúrò lọ́rùn wọn, ṣùgbọ́n irun kò kúrò, etí gbọọrọ kò sì kúrò. Ìlànà tí Kennel Club, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London lọ́dún 1873, gbé kalẹ̀ fún irú ajá yìí sọ pé awọ etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn dé ṣóńṣó imú, kí irun gígùn tó rọ̀ sì bò ó dáadáa.

Ẹwà náà ní iṣẹ́ nínú. Ihò etí ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tààrà wọlé. Ti ajá kò rí bẹ́ẹ̀: ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, kí ó tó wá tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ lọ sọ́dọ̀ ìlù etí. Ohun tó bá bọ́ síbẹ̀, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe irun, ìbáà ṣe èso koríko, kì í tètè jáde. Ní ti Cocker, awọ etí tún bo ẹnu ihò náà, irun tún bo awọ, àwọn ẹṣẹ́ tó ń sun ìdọ̀tí etí sì pọ̀ nínú ihò rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ajá mìíràn lọ. Ooru àti ọ̀rinrin wá há síbẹ̀. Malassezia, kòkòrò àìfojúrí kan tó jẹ́ ẹbí ìwúkàrà, àti oríṣiríṣi bakitéríà máa ń gbé lára ajá tí ara rẹ̀ dá láìfa wàhálà. Bí etí bá ti lọ́rinrin tí kò rí afẹ́fẹ́, wọ́n á bí sí i, etí á pọ́n, á máa yún ajá, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

Àwọn olùwádìí Royal Veterinary College ní London yẹ àkọsílẹ̀ ìtọ́jú àwọn ajá tó lé ní 22,000 wò fún ọdún 2016. Wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ajá, bíi méje ni àrùn ihò etí kọlù láàárín ọdún kan ṣoṣo. Àwọn tí etí wọn rọ̀ sílẹ̀ kó àrùn náà ju àwọn tí etí wọn dúró ṣánṣán lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì.

Ohun tí ìwé yìí fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ni Cocker mọ̀ ni pé ìtọ́jú irun àti ìtọ́jú etí kì í ṣe iṣẹ́ méjì.

Irun

Irun Cocker kì í dì káàkiri lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yìn etí ló sábà máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, nítorí irun ibẹ̀ rọ̀, ajá sì ń fi ẹsẹ̀ họ ọ́. Lẹ́yìn náà ni abíyá, abẹ́ ikùn nítòsí itan, abẹ́ okùn ọrùn, àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Irun tó bá dì lẹ́yìn etí á wúwo, á fa awọ etí mọ́ orí, afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ì bá máa wọlé náà á dúró. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àrùn etí fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ òòyà ló yẹ kí a ti dènà rẹ̀.

Lójoojúmọ́, tàbí ó kéré tán ní ọjọ́ méjì-méjì, ló yẹ kí a máa ya irun náà. Búrọ́ọ̀ṣì nìkan kò tó. Ó ṣeé ṣe kí òkè irun máa dán, kí abẹ́ rẹ̀ ti so mọ́ra wọn pátápátá lára awọ. Àwọn tó ń fi títún irun ajá ṣe iṣẹ́ máa ń fi ọwọ́ kan gbé irun sókè, wọ́n á máa fi ọwọ́ kejì sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń yà á láti ìdí rẹ̀ lára awọ títí dé orí. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi òòyà irin gbà á kọjá. Bí òòyà bá lọ láti awọ dé ṣóńṣó irun láìkọ́, ibẹ̀ ti parí.

Kí a tó wẹ ajá ni a ń ya irun rẹ̀. Omi máa ń mú kí irun tó dì fún pọ̀ sí i, ọṣẹ á há sínú rẹ̀, awọ abẹ́ rẹ̀ kò sì ní gbẹ. Bí ibi tó dì bá kéré, kí a fi ìka tú u, kí ọwọ́ kan di ìdí irun náà mú kí awọ má baà máa fà. Bí ó bá tóbi, kí ẹnikẹ́ni má ti àlùmọ́gàjí bọ abẹ́ rẹ̀. Awọ máa ń gbé ara sókè wọ inú irun tó dì, ojú kò sì ní rí i títí a ó fi gé e. Awọ etí tinrin, iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ajá tí wọ́n bá gé létí á sì máa gbọn orí, ẹ̀jẹ̀ kò ní tètè dá. Kílípà ló tọ́ síbẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò.

Kílípà yìí kan náà ni a fi ń gé irun inú awọ etí àti èyí tó yí ẹnu ihò ká mọ́lẹ̀, pàápàá ìdá kan nínú mẹ́ta awọ etí láti òkè wá. Irun gígùn lè wà nísàlẹ̀ etí fún ẹ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ihò gbọ́dọ̀ ṣí. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé Cocker wọn lọ sọ́dọ̀ atúnrunṣe ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí wọ́n lè ṣe èyí. Kò yẹ kí a máa fa irun inú ihò etí tu bí kò bá sí ohun tó ń ṣe é, nítorí fífà náà lè fa egbò kékeré tí àrùn yóò gbà wọlé.

Àwọn nǹkan kéékèèké kan wà tí a lè fojú fò. Etí Cocker máa ń bọ́ sínú oúnjẹ àti omi; àwo tó jìn tí ẹnu rẹ̀ há yóò jẹ́ kí etí rọ̀ síta àwo. Abo tí wọ́n bá ti yọ ilé ọmọ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í hu irun tó pọ̀ tó sì ń ta kókó bí òwú, èyí tó ń yára dì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó ni ín ní láti ya irun rẹ̀ lemọ́lemọ́ sí i nígbà náà, kí ó má sì rò pé òun ni kò tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wíwẹ̀ tó fún ọ̀pọ̀ wọn, pẹ̀lú ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún ajá, torí pé awọ ajá yàtọ̀ sí ti ènìyàn. Kí a má da omi lé e lórí. Aṣọ tó tutù ni a ó fi nu ojú àti etí.

Inú etí

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí a gbé awọ etí sókè, kí a wò ó, kí a sì gbóòórùn rẹ̀. Etí tó dá máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ lásán, ìdọ̀tí inú rẹ̀ kì í ju díẹ̀ lọ, kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rùn. Ẹni tó bá mọ òórùn etí ajá rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ dá ni yóò tètè fura nígbà tó bá yí padà.

Ìgbà tí ìdọ̀tí bá wà níbẹ̀, àti lẹ́yìn tí ajá bá wẹ̀ tàbí tó lúwẹ̀ẹ́ nínú odò, ni fífọ etí wúlò. Fífọ etí tó mọ́ lójoojúmọ́ ń ṣe é léṣe. Oògùn olómi tí dókítà ẹranko fọwọ́ sí ni a ń lò. A ó gbé awọ etí sókè kí ihò lè nà, a ó da oògùn náà sí i títí yóò fi kún, a ó wá fi àtàǹpàkò àti ìka fọwọ́ ra ìdí etí nísàlẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú ààyá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, a ó máa gbọ́ ohùn omi nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a fi í sílẹ̀ kí ó gbọn orí dáadáa. Gbígbọn orí yẹn ló ń gbé ìdọ̀tí jáde láti ibi tí ọwọ́ wa kò lè dé. Òwú rírọ̀ tí a wé mọ́ ìka ni a ó fi nu èyí tó bá jáde, a kò sì ní kọjá ibi tí ojú rí.

Ẹni tó ti mọ́ lára láti máa fi ìyẹ́ tàbí igi olówùú ro etí ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró níbí. Ihò etí ajá tẹ̀, igi náà á sì ti ìdọ̀tí lọ sí kọ̀rọ̀ níwájú ìlù etí, níbi tí yóò ti le gbagidi. Ọtí líle, hydrogen peroxide àti ọtí kíkan máa ń ta etí tó ti bó. Òróró, ìbáà ṣe àdí àgbọn tàbí àdí èkùrọ́, ń mú kí irun àti ìdọ̀tí lẹ̀ mọ́ra wọn.

Ìgbà tó yẹ kí a lọ rí dókítà

Bí ajá bá ń gbọn orí, tó ń fi etí ra ilẹ̀, tí nǹkan aláwọ̀ búráùn tàbí ọyún ń jáde, tàbí tí kò jẹ́ kí a fọwọ́ kàn án létí, kí a má fọ etí náà rárá kí a tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Dókítà nílò ìdọ̀tí náà. Yóò fi òwú mú díẹ̀ níbẹ̀, yóò wò ó lábẹ́ maikirosikóòpù kí ó lè mọ̀ bóyá Malassezia ni, bóyá bakitéríà ni, tàbí kòkòrò kéékèèké tí ń jẹ́ Otodectes. Yóò tún fi iná wo ìlù etí, nítorí àwọn oògùn kan wà tó lè ba ìgbọ́ràn jẹ́ bí ìlù náà bá ti ya. Oògùn tó ṣẹ́kù lọ́dún tó kọjá, tàbí tí ọ̀rẹ́ lò fún ajá tirẹ̀, kò lè dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí.

Bí orí ajá bá wá tẹ̀ sí apá kan tàbí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bó bá ń rìn, ọjọ́ náà gan-an ni kí a gbé e lọ: àrùn náà lè ti kọjá ìlù etí. Bí awọ etí bá wú lójijì tó sì rọ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló ti bẹ́ nínú rẹ̀ nípasẹ̀ gbígbọn orí tàbí híhọ etí.

Èyí tó ń dun àwọn dókítà jù lọ ni etí tó ń san tó tún ń padà wá. Ọ̀pọ̀ ìgbà, awọ ara ni orísun rẹ̀, kì í ṣe etí: ara ajá náà kò gba oúnjẹ kan, tàbí eruku inú ilé, tàbí ìyẹ̀fun òdòdó. Ìyípadà oúnjẹ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, láìfi ohunkóhun mìíràn kún un, ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá oúnjẹ ni. Èyí ń gba sùúrù, gbogbo ará ilé sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sowọ́ pọ̀; ẹran díẹ̀ tí ọmọdé bá jù sí i lábẹ́ tábìlì ti ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ jẹ́. Bí a kò bá wá orísun náà rí, ihò etí á máa nípọn, á máa há, títí yóò fi le bí eegun. Nígbà yẹn, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń yọ gbogbo ihò etí kúrò ló kù. Iṣẹ́ abẹ náà ń gba ajá lọ́wọ́ ìrora, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìgbọ́ràn etí náà á bá a lọ.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní ewu tirẹ̀. Èso koríko gbígbẹ tó ní ṣóńṣó máa ń lẹ̀ mọ́ irun etí àti ẹsẹ̀, ó sì ń rìn wọlé nìkan, kì í padà sẹ́yìn. Ajá tó bá ti igbó koríko dé tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn orí kíkankíkan lójijì lè ní ọ̀kan nínú etí. Dókítà ni yóò yọ ọ́. Yíyẹ irun wò kí ajá tó wọlé ló dára jù. Òfin Animal Welfare Act ti ọdún 2006 ní England àti Wales pẹ̀lú ti sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó ni ajá láti dáàbò bò ó lọ́wọ́ ìrora àti àìsàn.

Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, níbi tí àwọn kan ti ń sin irú ajá yìí, eégbọn ló gba ipò èso koríko. Etí àti àárín ìka ẹsẹ̀ ni eégbọn fẹ́ràn láti lẹ̀ mọ́, irun gígùn sì ń fi í pamọ́, nítorí náà ọwọ́ gbọ́dọ̀ wá a dé ìdí irun lójoojúmọ́. Afẹ́fẹ́ ìgbà òjò kì í jẹ́ kí etí gbẹ dáadáa. Gígé irun ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwọ̀nba, kí ooru má baà pọ̀ fún un, kì í ṣe ìwà ìkà sí ajá tí wọ́n bí fún ilẹ̀ òtútù. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà fún àwọn tó wà nítòsí.

Ọmọ ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kò tíì mọ ìrora etí. Àkókò yẹn ló dára jù láti máa gbé etí rẹ̀ sókè lójoojúmọ́, kí a fi òòyà kàn án fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí a tan kílípà nítòsí rẹ̀ kí ó gbọ́ ohùn rẹ̀, kí a sì fún un ní oúnjẹ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.