Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Báwo ni wọ́n ṣe ń yan switch PoE fún ilé iṣẹ́?

Ṣé wáyà kan ṣoṣo lè gbé iná àti íntánẹ́ẹ̀tì lọ bá kámẹ́rà? Bẹ́ẹ̀ ni. Iṣẹ́ switch PoE nìyẹn.

1. Agbára ihò kọ̀ọ̀kan: Ìlànà PoE tí à ń pè ní 802.3af ń fúnni ní wáàtì 15.4; 802.3at, 30; 802.3bt lè dé 90.

2. Àpapọ̀ iná: Switch oníhò 8 tí àpapọ̀ iná rẹ̀ jẹ́ wáàtì 60 kò lè fún gbogbo ihò ní 15.4 lẹ́ẹ̀kan náà, torí wáàtì 123.2 nìyẹn yóò jẹ́. Ohun tí gbogbo ẹ̀rọ ń jẹ ni kí a kọ́kọ́ ṣírò, kí a sì fi àlékún sí i.

3. Wáyà: Ojúlówó bàbà ni kó jẹ́, kó má sì gùn ju mítà 100 lọ.

4. Ìṣàkóso: Switch managed (èyí tí a lè ṣàkóso) ń jẹ́ kí a fi VLAN (ìpín nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ya kámẹ́rà sọ́tọ̀ kúrò lára kọ̀ǹpútà ìṣirò owó. Kámẹ́rà tó bá dákú, a lè pa á, ká tún un tàn láti ọ̀nà jíjìn. Páṣíwọ́ọ̀dù tó bá switch wá ni kí a tètè yí padà.

5. Ààyè: Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni kí switch wà, kí UPS (bátìrì ìpamọ́ iná) sì gbé e ró. Bí iná bá lọ, kámẹ́rà á ṣì máa ríran.

Ẹ pín in fún ẹni tó ń ṣètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé iṣẹ́.