Kí Ni Kò Tó Nínú 'Àìtó Ẹ̀jẹ̀' Ewúrẹ́?

Bí ẹni tí ń sin ewúrẹ́ ní Agbówà bá ṣí ìpéǹpéjú ẹran rẹ̀, tí ó rí i pé inú rẹ̀ funfun, yóò ní ẹ̀jẹ̀ kò tó. Ọ̀rọ̀ náà kò pé: hóró pupa ni ó dín, omi ẹ̀jẹ̀ lè má dín rárá. Bí ẹ̀rọ bá fi ẹ̀jẹ̀ yí bìrí nínú ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín, hóró yóò silẹ̀ bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu. Ìwọ̀n gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí ni mo dábàá pé kí a máa pè ní 'ìdá hóró pupa'. Ti ewúrẹ́ tí ara rẹ̀ le máa ń wà láàrin 22 sí 38 nínú 100 (ẹni tí ó bá fi òṣùwọ̀n ènìyàn wò ó yóò pe ẹran tí kò ṣàìsàn ní aláìsàn). Bí ó bá wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí olówó ẹran má sáré ra oògùn ẹ̀jẹ̀; aràn Haemonchus ni kí ó kọ́kọ́ fura sí, nítorí inú ikùn ẹran ni ó ti ń mu ẹ̀jẹ̀ náà.